Ooru ń mú: Ẹ̀yin káfíńtà tó ń ṣiṣẹ́ nílé, ẹ ṣọ́ra

Ní oṣù Èrèlé 2024, NiMet, àjọ tó ń sọ bójú ọjọ́ yóò ṣe rí, kìlọ̀ fáráàlú nípa ooru. Káfíńtà tó so ṣọ́ọ̀bù mọ́lé ní Dùgbẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa: páànù tí òòrùn ti pa ló ń da ooru lé e lórí.

Ẹ fi ayùn àti ìfági ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kùtù. Ẹ fi wíwọn pákó sí ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ ìyẹ̀ igi síta. Ẹ má dúró de òùngbẹ kí ẹ tó mumi.

Bí ọmọṣẹ́ bá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó dákú, ẹ gbé e síbòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Iṣẹ́ oníbàárà lè dọ̀la. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.