Ṣé O Mọ̀? Táyé àti Kẹ́hìndé Ojú Ọ̀run

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ tí ìyá ìbejì ń ṣe ní àràárọ̀ ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń gba owó oṣù lé lórí? Ọmọ méjì jọra délẹ̀, àlejò kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìyá wọn ti rí àmì dúdú kékeré kan lẹ́bàá etí Táyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni onímọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń tẹ́ fọ́tò ojú ọ̀run méjì síwájú, tí á máa wá ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀.

Ní Ìdèrè níbí, ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ṣòro fún ẹnikẹ́ni. Igbó-Ọrà tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, aládùúgbò wa ni. Ìwádìí tí Dókítà Nylander tẹ̀ jáde ní 1969 fi hàn pé nínú 1,000 ìbímọ níbẹ̀, bíi 45 ló jẹ́ ìbejì. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ìlasà ló fà á. Èmi ò sí nínú ẹjọ́ yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ àgbẹ̀ ló rí Pluto? Clyde Tombaugh ni orúkọ rẹ̀, láti Kansas ní Amẹ́ríkà. Kò tíì wọ yunifásítì nígbà yẹn, ọmọ ọdún 24 ni. Wọ́n gbà á síṣẹ́ ní Lowell Observatory ní Arizona, pé kó máa ya ojú ọ̀run sórí awo gíláàsì. Ó ya apá ibì kan ní ọjọ́ 23 oṣù January 1930, ó tún un yà ní ọjọ́ 29. Ó wá ki awo méjèèjì bọ ẹ̀rọ kan tí à ń fi ojú kan wò: dígí inú rẹ̀ á gbé awo kìíní wá, á gbé e lọ, á gbé ìkejì wá. Táyé, Kẹ́hìndé, Táyé, Kẹ́hìndé. Ìràwọ̀ tó dúró sójú kan kò ní mira. Ohun tó bá ti rìn á máa fò síwá sẹ́yìn bí ọ̀pọ̀lọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù February, láàárín àìmọye ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀, àmì tíntìntín kan fò. Pluto nìyẹn.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan ní Oxford, Venetia Burney, ló dá orúkọ Pluto. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ gba oyè pílánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Pluto. Oyè lọ, orúkọ kò lọ.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé bọ́tìnnì kan ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ Tombaugh lónìí? Inú ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ DS9 ló wà. Ilé ìwádìí Smithsonian ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Gbé àwòrán méjì sínú rẹ̀, tẹ «Blink», wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ara wọn. Bó o bá fẹ́ kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, «Tile» ni kó o tẹ̀. Inú fíìmù orí tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ Star Trek ni wọ́n ti mú orúkọ DS9. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ń wo fíìmù.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá ṣí àwòrán ìràwọ̀ nínú DS9, òkùnkùn biribiri ló ṣeé ṣe kó o rí? Ọ̀pọ̀ rò pé fáìlì ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán náà lè tó ìpele 65,536, ṣùgbọ́n 256 péré ni ojú kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi hàn láti dúdú dé funfun. Bí olówó ńlá kan bá wọ àwùjọ, tí a wá fi tirẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, gbogbo wa di tálákà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìràwọ̀ ńlá kan ló ń ṣe olówó yẹn. Lọ sí «Scale», tẹ «zscale»: ètò náà á yọ olówó sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wo àwọn tó kù. Kíá, ìràwọ̀ á dà sílẹ̀ bí àgbàdo tó já lápò.

Ṣé o mọ̀ pé àwòrán ìràwọ̀ ní oríkì? FITS ni wọ́n ń pe irú fáìlì náà, láti 1981 ló ti wà. Kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ṣáájú: awò awọ̀nàjíjìn wo ló yà á, lọ́jọ́ wo, fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó, apá ibo lójú ọ̀run. Ìlà kọ̀ọ̀kan kò ju lẹ́tà 80 lọ, èyí tó kẹ́yìn á sì kọ END. Fáìlì 1981 ṣì ń ṣí lónìí, ṣùgbọ́n fídíò ìgbéyàwó mi ti 2009 kò ṣí mọ́. Ilé ìkàwé Vatican pàápàá ń fi FITS tọ́jú àwòrán àwọn ìwé àtijọ́ wọn.

Oríkì yẹn ló wúlò nígbà tí àwòrán méjì kò bá wá láti ojú kan náà. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, ọ̀kan dorí kodò. DS9 á ka oríkì méjèèjì, á yí ọ̀kan títí ìràwọ̀ á fi bọ́ sórí ìràwọ̀.

Ta ló mọ Samuel Okoye? Ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ní Cambridge. Ní 1965, òun àti Antony Hewish kọ̀wé pé ohun kékeré kan wà nínú ìkùukùu ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Crab Nebula, tí ìró rédíò rẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ayé mọ̀ pé òkú ìràwọ̀ tó ń yí bí òkòtó ni. Bó o bá fi àwòrán Crab tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti sátẹ́láìtì Chandra nínú DS9, wàá rí òkòtó náà gan-an láàárín.

Ẹni tó dàgbà ní Ìdèrè kò ní gbàgbé sòbìyà. Àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn wá kọ́ wa láti fi aṣọ sẹ́ omi odò, kí kòkòrò tíntìntín tó ń gbé àrùn náà má bàa wọ ẹnu. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìyà. Àwòrán ojú ọ̀run náà nílò asẹ́: wọ́n á bo ojú awò, wọ́n á ya òkùnkùn lásán, wọ́n á fi yọ ariwo ẹ̀rọ kúrò nínú àwòrán gidi.

Ṣé o mọ̀ pé àwọ̀ mèremère inú àwòrán awò Webb, ènìyàn ló kùn ún? Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí ló ń yà. Irọ́ kọ́, ìtumọ̀ ni.

Ṣé o mọ̀ pé Áfíríkà náà ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà bíi DS9? Awò MeerKAT ní South Africa ní abọ́ 64, àwòrán rẹ̀ sì tóbi ju ohun tí kọ̀ǹpútà ẹnì kan lè gbé lọ. Àwọn ará Cape Town wà lára àwọn tó ṣe CARTA, tó fi ẹrù sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ńlá, tó ń fi kìkì ibi tí ò ń wò ránṣẹ́ sí ọ.

Lánlátẹ̀ ńkọ́? Ìbàràpá kan náà ni òun àti Ìdèrè wà. Ibẹ̀ ni Nàìjíríà kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ sí, abọ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìpè lọ sókè òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ghana ní irú rẹ̀ ní Kuntunse, abọ́ mítà 32. Wọ́n tún un ṣe, ó di awò tó ń gbọ́ ìró ìràwọ̀, wọ́n sì ṣí i ní 2017. Mo ń dá ọ̀rọ̀ yìí sọ fún ara mi nígbàkígbà tí mo bá gba Lánlátẹ̀ kọjá.

Bó bá jẹ́ fóònù nìkan lo ní ńkọ́? Aladin Lite, iṣẹ́ àwọn ará Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, kò nílò kó o gbé ohunkóhun sórí fóònù, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣí. Tẹ M31, wàá rí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ Andromeda, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rin ìrìn bíi mílíọ̀nù 2.5 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà, pa iná, bọ́ síta, kó o wá Àgùàlà fúnra rẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìdèrè, Ayétẹ̀ àti Tápà, ẹ gbọ́: àjọ kan wà tó ń jẹ́ IASC, wọ́n ń fi àwòrán mẹ́rin mẹ́rin láti awò Pan-STARRS ní Hawaii ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ á fi ètò Astrometrica jẹ́ kí àwọn àwòrán náà máa pààrọ̀ ara wọn, wọ́n á máa wá àpáta tó ń fò lójú òfuurufú. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín sílẹ̀.