Dókítà Nínú Kí Ni?

 

Láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀wé kà, ojú yín ti ń rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ara ògiri lọ́jà. Ẹ wo pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ wo ìwé ìpè ìnáwó tí wọ́n mú wá fún yín. Ẹ ó rí lẹ́tà kékeré méjì níwájú orúkọ àwọn kan: Dr. Níwájú orúkọ àwọn mìíràn, Pr ni. Ẹlòmíràn kó méjèèjì pọ̀, ó tún fi Olóyè lé e. Kí ni àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ń sọ? Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ wọ́n?

Ẹ jẹ́ ká fi Dr bẹ̀rẹ̀. Dókítà ni à ń kà á. Ní abúlé wa, ẹnikẹ́ni tó bá mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, dókítà ni. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ibùdó ìlera, dókítà. Ẹni tó gbé àpótí oògùn sẹ́yìn alùpùpù tó ń tà á kiri oko, dókítà. Ọmọ tó lọ kàwé ní Calavi, tó gba ìwé ẹ̀rí tó ga jù lọ nínú ìtàn, òun náà, dókítà. Bí ìyá àgbà kan bá wá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná lọ bá onítàn yìí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Báwo ni ìyá àgbà yóò ṣe mọ̀?

Inú èdè Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni olùkọ́. Kì í ṣe oníṣègùn rárá. Ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ní ìlú Bologna ní Ítálì àti ní Paris ní ilẹ̀ Faransé, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kàwé pẹ́, àwọn àgbà olùkọ́ yóò pè é síwájú, wọ́n yóò da ìbéèrè bò ó. Bí ó bá yege, wọ́n á fún un láṣẹ kí òun náà máa kọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó gba àṣẹ yìí ni dókítà. Ó jọ ohun tí à ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ télọ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá dá a sílẹ̀. Àwọn amòfin wà lára wọn, àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà lára wọn, àwọn oníṣègùn náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ni ará ìlú ń bá pàdé jù. Bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ wọn nìyẹn.

Àwọn Yorùbá tó ń kọ̀wé ti wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n fi dókítà sílẹ̀ fún oníṣègùn, wọ́n sì ń pe ti yunifásítì ní Ọ̀mọ̀wé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lórí pátákó, Dr kan náà ni ẹ ó máa rí.

Ọ̀nà tó lọ sí ìwé ẹ̀rí Ọ̀mọ̀wé gùn, ẹ̀yin òbí sì ni ẹ máa ń san owó rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kà á papọ̀. Ọmọ yóò kọ́kọ́ yege nínú bac. Lẹ́yìn bac, ọdún mẹ́ta fún licence. Lẹ́yìn licence, ọdún méjì fún master. Lẹ́yìn master, ó kéré tán ọdún mẹ́ta sí i fún doctorat. Ọdún mẹ́jọ nìyẹn, bí kò bá sí ìdádúró kankan. Ṣùgbọ́n ìdádúró wà. Ọ̀pọ̀ ló ń lo ọdún mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà lórí doctorat nìkan. Ẹ má rò pé ọmọ yín ń ṣeré ní ìlú ńlá. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ ni kò tíì parí.

Iṣẹ́ wo? Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó fẹ́ gba òmìnira yóò rán aṣọ tí ọ̀gá rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n rán. Ti ẹni tó ń wá doctorat kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò rán rí ni yóò gbé wá. Yóò mú ìbéèrè kan tí kò tíì ní ìdáhùn. Yóò wádìí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, yóò kọ ohun tó rí sínú ìwé ńlá kan, tí a ń pè ní ìwé àpilẹ̀kọ.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abiola Félix Iroko, ọmọ Kétu wa níhìn-ín, gba doctorat ní Paris ní 1987. Orí kí ni? Orí owó ẹyọ! Owó ẹyọ tí àwọn baba wa fi ń ra iṣu, tí wọ́n fi ń san owó orí ìyàwó. Ta ló mọ̀ pé láti erékùṣù Maldives, nínú òkun tó wà nítòsí Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó o wá? Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Kí ló pa owó náà? Irú ìbéèrè báyìí ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ní Nàìjíríà, orí Ifá ni tirẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí Yunifásítì Èkó fún ní irú ìwé ẹ̀rí yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé sì gba tirẹ̀ ní 1963, ní Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, lórí gírámà èdè Yorùbá. Ẹ ò rí i! Ènìyàn wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ òtútù kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí lórí èdè ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ìwé bá parí, wọ́n á dá ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò dúró níwájú àwọn àgbà olùkọ́, yóò gbèjà iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á sọ ibi tó dára, wọ́n á sì tú ibi tí kò dára síta. Lẹ́yìn náà wọ́n á jáde lọ gbìmọ̀, wọ́n á padà wá kéde. Gbangba ni wọ́n ń ṣe é. Bàbá àti ìyá akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó níbẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ Faransé.

Ẹ wá kíyè sí ohun kan. Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wàhálà yìí dá lé. Ẹni tó di dókítà lórí owó ẹyọ kò mọ ibà wò. Ẹni tó di dókítà nínú ìṣirò kò mọ ohun tó ń pa ẹ̀gẹ́ yín. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní dókítà lòun, ìbéèrè kan wà tí ẹ lè bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ o, dókítà nínú kí ni?” Kì í ṣe èébú. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí tòótọ́ máa ń fẹ́ kí wọ́n bi í, àní yóò sọ ọ́ títí yóò fi sú yín.

Ní ti ara àti ẹ̀jẹ̀, ìbéèrè yìí kì í ṣe eré. Dókítà oníṣègùn ní Benin kàwé fún nǹkan bí ọdún méje lẹ́yìn bac, ó kọ ìwé àpilẹ̀kọ tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó ń po oògùn ní ilé oògùn ńlá ní doctorat tirẹ̀. Dókítà ẹranko náà ní tirẹ̀: ti màlúù àti ewúrẹ́ ni, ẹ má gbé ọmọ lọ bá a. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n wọ́n lọ sí ilé-ìwé iṣẹ́ wọn, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ìjọba. Àwọn ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú wa. Nọ́ọ̀sì tó bá mọṣẹ́ yóò sọ fún yín pé, “Eléyìí ju agbára mi lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá.” Ẹ tètè gbé e lọ. Ẹni tó gbé àpótí sẹ́yìn alùpùpù kì í sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí àìsàn tó ju agbára tirẹ̀ lọ! Ẹ bi í pé dókítà nínú kí ni, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀.

Ó ku Pr. Ọ̀rọ̀ ààlà ló dà á rú fún wa. Lọ́dọ̀ tiwa tí à ń lo Faransé, olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní CEG, professeur ni wọ́n ń pè é. Ẹ gba Ìlárá kọjá sí Nàìjíríà, ẹ pe olùkọ́ ilé-ìwé girama ní professor, wọ́n á rò pé ẹ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́hùn-ún, ipò tó ga jù lọ fún olùkọ́ yunifásítì ni, òun là ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwa náà ní ipò yẹn: professeur titulaire. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní CAMES, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, tó fìdí kalẹ̀ sí Ouagadougou, ló ń yẹ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì wò fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń lo Faransé. Ipele ni wọ́n fi ń gun òkè: maître-assistant, lẹ́yìn rẹ̀ maître de conférences, kó tó kan ti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Nítorí náà doctorat jẹ́ ìwé ẹ̀rí, Ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ́ ipò iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló wà tí kò dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Irú dókítà kan ṣì kù, èyí tí wọ́n fi ń bu ọlá fún ènìyàn. Ajayi Crowther, tó dé Kétu yìí ní 1853, Yunifásítì Oxford fi oyè dókítà dá a lọ́lá ní 1864, ọdún tó di bíṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó kọ ìwé àpilẹ̀kọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá láti 1843, ó sì ń túmọ̀ Bíbélì. Ọlá yẹn tọ́ sí i. Wole Soyinka náà gba irú rẹ̀ ní Leeds ní 1973. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń fi owó ra tiwọn lọ́wọ́ ilé-ìwé tí kò ní kíláàsì, tí kò ní olùkọ́, tí wọ́n sì ń kọ Dr gàdàgbà sára pátákó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù fún ẹ̀yin àgbẹ̀. Láti 2013 ni ìjọba ti dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu. Ní 2016 ó di Université Nationale d'Agriculture. Àwọn tó ń wá doctorat máa ń tọ àgbẹ̀ lọ sóko pẹ̀lú ìwé àti bírò. Wọ́n á bi yín nípa irú iṣu tí ẹ ń gbìn, ewé tí ẹ fi ń wo ewúrẹ́ sàn, ìgbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ mọ̀ yóò wọ inú ìwé wọn. Ẹ dá wọn lóhùn, àmọ́ ẹ bi wọ́n pẹ̀lú. Kí lorúkọ yín? Ta ni olùkọ́ yín? Kí ni ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wa ṣe? Ẹ ní kí wọ́n padà wá sọ ohun tí wọ́n rí fún abúlé. Ẹ gba orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ kúkú ti mọ̀wé kọ. Bí ẹ bá sì gbọ́ lọ́jọ́ iwájú pé ọ̀kan nínú wọn fẹ́ gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ránṣẹ́ béèrè ọjọ́ àti ibi tí yóò ti wáyé, kí ẹ wọ aṣọ yín, kí ẹ lọ jókòó síbẹ̀.