Bí Wọ́n Bá Ní Kí Ẹ Lọ Láàrin Ọ̀sẹ̀ Méjì, Kí Ni Ẹ Ó Gbé Dání?

A ní ọ̀rọ̀ kan tí a fẹ́ fi lọ̀ yín kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, nítorí pé owó gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tí a ṣe kọjá, ẹnìkan dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ kó gbogbo owó tí ó wà nínú àpò rẹ̀, kí a fi ra ilẹ̀ ní ìlú yìí, kí a sì bẹ̀rẹ̀ gbọ̀ngàn ìpàdé lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa, ẹni tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó ti Gánà dé, na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, kí ni ẹ ó gbé dání?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní, "Ọlọ́run má jẹ́ á rí i," a sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa. Àdúrà ni àmín; kì í ṣe èsì ìbéèrè bàbá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn náà fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Ṣáájú ọdún 1970, ọjà ńlá tí a kò ti ní bá Yorùbá ní ilẹ̀ Gánà kò pọ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìnísà, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ṣakí wà ní Accra, wọ́n wà ní Kumasi, títí dé Tamale ní apá àríwá. Ọ̀pọ̀ wọn bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì mọ ilé bàbá wọn rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Dókítà K. A. Busia kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré!

Ẹ má ṣe rò pé aláìgbọ́n ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Oníṣòwò gidi ni wọ́n. Wọ́n ti ro ti iná, wọ́n ti ro ti olè, wọ́n ti ro ti àìsàn àti ọdún tí ọjà kò ní tà. Ohun tí wọn kò rò ni pé ìkéde kan ṣoṣo lè sọ ṣọ́ọ̀bù, ọjà inú rẹ̀ àti gbèsè tí ó wà níta di asán ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Nígbà tí gbogbo àjèjì bá ń ta ọjà tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ta ni yóò san iye tí ó tọ́? Nígbà tí oníbàárà bá sì mọ̀ pé ẹni tí òun jẹ lówó ń lọ, kí ni yóò mú un wá san? Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a ń pè ní olówó ní Kumasi ṣe di ẹni tí ń wá yàrá nínú ilé bàbá rẹ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ jókòó pẹ́ nílé. Ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò gba Abidjan lọ, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Kí a má sì rò pé ìwà Gánà nìkan ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà fún àwọn àjèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ wọn ará Gánà. Orúkọ tí a ń pe báàgì ńlá náà títí di òní, Ghana Must Go, ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ará wa rí mú nínú ọ̀rọ̀ Gánà ni pé kí ènìyàn kọ́lé sí ìlú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún yìí ni wèrè ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Àjálù kì í sábà wọ aṣọ tí ó wọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wo ìlú Ìbíní tí a wà yìí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra wọ ìlú, wọ́n sì gbà á. Ọ̀gágun tí ó ṣáájú wọn, Victor Banjo, ọmọ Yorùbá ni. Ó di ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó gbà á padà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ogun sì wà ní Orè, lójú ọ̀nà tí a ń gbà lọ sílé. Ilé tí ènìyàn kọ́ sí ìlú rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò ṣeé dé ni. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, gàrí inú ilé àti aládùúgbò Ẹdó tí ó mọ̀ wá dáadáa ṣe pàtàkì ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó wà lókèèrè lọ.

Ẹ tún wo owó fúnra rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1968, ìjọba pààrọ̀ owó bébà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba Ọ̀gágun Buhari tún pa àwọ̀ náírà dà, wọ́n sì fún wa ní ọjọ́ díẹ̀ láti kó ti àtijọ́ lọ sí báńkì. Ẹni tí ó fi owó pamọ́ sínú ìkòkò rí ìjàngbọ̀n. Ìyẹn kọ́ wa pé báńkì ni kí a kó owó sí, a sì kó o lọ. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí wọ́n ń pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ wà ní báńkì ni ó ń tò láti ìdájí, tí ó ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ọgbọ́n ọdún 1984 ti di wèrè ọdún 2023!

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá, ọdún 2020, nígbà tí wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìlú yìí, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ẹdó sì kéde kónílé-ó-gbélé tọ̀sán-tòru. Ẹni tí ń fi owó òní jẹun òní kò rí ọjà lọ.

Kí ni a wá ń sọ? A ń sọ pé kò sí ẹni tí ó lè mọ orúkọ àjálù tí ń bọ̀, kí a má fi ọjọ́ wa ṣòfò lórí àròsọ rẹ̀. Ohun tí a lè mọ̀ ni ibi tí ara tiwa ti rọ̀. Kí olúkúlùkù mú ìwé àti pẹ́ńsù, kí ó kọ ohun gbogbo tí ó ní sílẹ̀, gbèsè tí ó wà níta kún un. Kí ó wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè márùn-ún. Bí ọ̀nà bá dí fún oṣù kan ńkọ́? Bí owó bébà kò bá ṣeé ná? Bí ọjà bá jó? Bí a bá ní kí n lọ? Bí àìsàn bá dá olórí ilé dùbúlẹ̀? Ohun tí ó bá bàjẹ́ nínú ìbéèrè mẹ́ta, ẹ má ṣe fi gbogbo ara tì í.

Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò yìí yóò rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Oúnjẹ oṣù kan nínú ilé. Owó díẹ̀ lọ́wọ́, díẹ̀ ní báńkì. Kí a kọ gbèsè sínú ìwé, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn. Kí aya mọ ibi tí ọkọ fi ìwé ilẹ̀ sí, kí ọkọ náà sì mọ ti aya.

Ní ti owó ẹgbẹ́, a kò lòdì sí ilẹ̀. Àbá wa ni kí a pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Kí ìdá kan lọ sórí ilẹ̀. Kí ìdá kejì wà ní báńkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìlú yìí fún ikú, iná àti àìsàn. Kí ìdá kẹta wà lọ́wọ́ àwọn aṣojú wa nílé pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé orúkọ gbogbo wa, kí ó lè jẹ́ pé bí ibì kan bá dí, ibì kejì yóò là. A mọ̀ pé náírà tí ó jókòó ní báńkì a máa rù bí ọjà ti ń gbówó lórí, gbọ̀ngàn wa yóò sì pẹ́ kí ó tó parí. Ìyẹn ni owó orí tí a ó san kí a lè sùn dáadáa.

Àwọn bàbá wa ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ẹ bá wa dá a rò kí ẹ tó wá. Bàbá tí ó béèrè ìbéèrè náà yóò wà níkàlẹ̀, yóò sì tún béèrè rẹ̀. Kí á ní èsì fún un.