Bàálù Ẹrù Tí Kò Lè Dúró

Ẹ̀yin ará Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, gbogbo wa la mọ ìró bàálù tó ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfúrufú Ìkẹjà. Òmíràn wà tí kì í kó èrò, ẹrù nìkan ló ń kó.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, ọdún 2012, ọ̀kan nínú wọn, Boeing 727 ti Allied Air, gbéra láti Èkó lọ sí Àkrà ní ilẹ̀ Gánà. Ènìyàn 4 ló wà nínú rẹ̀. Òjò ń rọ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀.

Kí ló dé tí kò lè dúró? Afẹ́fẹ́ ń tì í láti ẹ̀yìn. Ó ti kọjá ìdajì títì pápá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀, títì náà sì tutù. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́jọ́ òjò mọ̀ ọ́n: o tẹ bíréèkì, táyà ń yọ̀ lọ. Nítorí èyí ni awakọ̀ bàálù fi ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjú sí òun, kí ó lè dín eré kù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó tún gbéra, kí ó yí po. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bàálù náà wó ògiri pápá, ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó kọlu ọkọ̀ èrò kan, irú dáńfó tiwa. Àwọn 4 inú bàálù yè. Àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ nínú mọ́tò ló kú. Àwọn tó kú kò dín ní 10.

Ní ọjọ́ kejì, bàálù mìíràn já lu ilé ní Ìjú-Ìṣàgà, nítòsí wa níbí. Ẹ́ńjìnnì ló fa ìyẹn, kì í ṣe òjò.

Bí ẹ bá gbọ́ bàálù kan tó ń yí po lókè wa nínú òjò, ó lè jẹ́ pé ó ń dúró kí ojú ọjọ́ là ni.