Bí Káńsù Bá Ṣẹ̀ Yín: Ohun Tí Ombudsman Ń Wò Kó Tó Dájọ́
Ìwé ìlàlóye fún àwọn Yorùbá tó ń gbé ní England

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ní England ló ti bá káńsù jà lórí fóònù títí ohùn wọn fi há, tí wọn kò sì mọ̀ pé ọ́fíìsì kan wà tó lágbára láti gba fáìlì káńsù náà yẹ̀ wò. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹjọ́ sùn. Orúkọ ọ́fíìsì náà ni Local Government and Social Care Ombudsman. Òfin ọdún 1974 ló dá a sílẹ̀, England nìkan ni agbára rẹ̀ sì mọ; Wales, Scotland àti Northern Ireland ní tiwọn lọ́tọ̀. Yàtọ̀ sí káńsù, ó tún ń gbọ́ ẹjọ́ lórí ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, títí kan ilé ìtọ́jú aládàáni. Ẹni tó bá mọ Public Complaints Commission tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ lọ́dún 1975 ti mọ irú iṣẹ́ tí à ń sọ.

Ombudsman kì í ṣe kóòtù, kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò yín. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà, nítorí náà yóò gbọ́ tiyín, yóò sì béèrè ti káńsù. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ló sábà máa ń parí ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè méjì

Ìbéèrè méjì ni gbogbo ìdájọ́ rẹ̀ dúró lé. Èkíní: ṣé káńsù ṣe àṣìṣe nínú bó ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Èkejì: ṣé àṣìṣe náà pa ẹni tó fẹjọ́ sùn lára? Bí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, owó tàbí àtúnṣe kì í sábà tẹ̀ lé e.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń ṣìnà. Ẹnìkan á kọ ojú ìwé mẹ́jọ láti fi hàn pé ìpinnu káńsù burú. Ṣùgbọ́n Ombudsman kò lè yí ìpinnu padà torí pé ó korò lẹ́nu, bí wọ́n bá gba ọ̀nà tó tọ́ dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé aládùúgbò yín fẹ́ fa ilé rẹ̀ gùn sẹ́yìn, ẹ̀yin sì kọ̀wé pé yóò dí oòrùn mọ́ yín lójú fèrèsé. Bí òṣìṣẹ́ káńsù bá ka lẹ́tà yín, tó wo ilé náà, tó kọ ìdí tó fi fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú òkùnkùn lẹ ti ń jẹun báyìí. Bí lẹ́tà yín bá dé ọwọ́ wọn tí ẹnikẹ́ni kò kà á, àṣìṣe nìyẹn. Síbẹ̀ Ombudsman yóò tún bi ara rẹ̀ pé: ká ní wọ́n kà á ni, ṣé ìpinnu náà ì bá yàtọ̀?

Nítorí náà, ẹ má kàn kọ pé káńsù kò ṣe dáadáa. Ẹ kọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe é, àti ohun tí àìṣe é kó bá yín.

Ibi tí káńsù ti ń jẹ̀bi

Lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú ẹjọ́ 10 tí Ombudsman bá wádìí dópin, ó ju 7 lọ tó ti ń dá káńsù lẹ́bi. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn wú yín lórí jù. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni kì í dé ibi ìwádìí: òmíràn tètè dé jù, òmíràn pẹ́ jù, òmíràn sì ṣi ilé wá.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àrà ọ̀tọ̀ nílé ẹ̀kọ́ wà lára ohun tó ń kó káńsù sí wàhálà jù. Bí òbí bá béèrè fún ìwé ètò tí gbogbo èèyàn ń pè ní EHCP, tí káńsù sì gbà láti ṣe é, òfin fún wọn ní ọ̀sẹ̀ 20 láti ọjọ́ tí òbí béèrè títí di ọjọ́ tí ìwé náà yóò jáde. Káńsù púpọ̀ ń kọjá àkókò yìí. Àwíjàre tí wọ́n sábà máa ń mú wá ni pé àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ àwọn ọmọdé kò tó. Òótọ́ ni pé wọn kò tó. Ombudsman náà mọ̀, síbẹ̀ àṣìṣe ló ń pè é, nítorí òfin kò sọ pé ọ̀sẹ̀ 20 bí òṣìṣẹ́ bá wà. Bí ọmọ bá pàdánù ẹ̀kọ́ nítorí rẹ̀, ìlànà Ombudsman dábàá £900 sí £2,400 fún táàmù kọ̀ọ̀kan. Àwọn òbí kan nínú wa kì í fẹ́ kí orúkọ ọmọ wọn wọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà fi ọmọ náà ṣẹ̀sín. Ìwé tí ẹ kò béèrè fún kò ní ọ̀sẹ̀ 20 kankan o.

Ọ̀rọ̀ ilé ni èkejì. Ẹni tí onílé fún ní ìwé ìkólọ á dé káńsù, wọ́n á ní kó padà lọ jókòó títí àwọn bàílíìfù yóò fi dé, tàbí kó lọ sùn ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí káńsù bá rí ìdí láti gbà pé ẹnìkan lè má nílé lórí, tàbí pé ó kù díẹ̀ kó di aláìnílé láàárín ọjọ́ 56, òfin ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, kí wọ́n sì fún un ní ìpinnu lákọsílẹ̀. Kí wọ́n kàn lé e padà lẹ́nu ọ̀nà láìkọ nǹkan kan sílẹ̀ jẹ́ àṣìṣe tí Ombudsman ti rí láìmọye ìgbà. Bákan náà, kò yẹ kí ìdílé tó lọ́mọ tàbí aláboyún lò ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ nínú bẹ́ẹ̀dì-àǹdì-búrẹ́kífáàsì. Fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi wà ní ibùgbé tí kò yẹ wọ́n, ìlànà náà dábàá £150 sí £350.

Ẹni tí físà rẹ̀ kò jẹ́ kó gba owó ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànlọ́wọ́ ilé yìí. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ́mọ lọ́wọ́, òfin àwọn ọmọdé ti 1989, abala 17, gbé ojúṣe ọmọ náà lé káńsù lọ́rùn. Bí wọ́n bá kọ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ ọmọ náà wò rárá torí físà ìyá rẹ̀, ẹjọ́ wà níbẹ̀.

Ẹjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀

Bí òrùlé fúláàtì káńsù tí ẹ ń gbé bá ń jò, Housing Ombudsman lẹ máa kọ̀wé sí, ọ́fíìsì míràn ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ibi tí ẹ páàkì mọ́tò sí ní tìríbúnà tirẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú EHCP ọmọ yín, tìríbúnà ló ń gbọ́ ọ. Ìdádúró rẹ̀ ni Ombudsman ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ tíṣà àti ọmọ nínú kíláàsì, ilé ẹ̀kọ́ náà ni.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: bí káńsù bá fún yín ní ìpinnu lákọsílẹ̀ pé ẹ kì í ṣe aláìnílé, ọjọ́ 21 péré lẹ ní láti ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fi ọjọ́ wọ̀nyẹn dúró de Ombudsman ti pàdánù ẹ̀tọ́ tó lágbára ju èyí tó ń dúró dè lọ.

Kí ẹ tó kọ̀wé

Káńsù ni kí ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, kí ẹ sì tẹ̀ lé ìpele tí wọ́n là sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ 12 bá kọjá láìsí èsì tó parí ọ̀rọ̀, ẹ lè lọ bá Ombudsman. Ẹ má jẹ́ kó ju oṣù 12 lọ láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀ pé nǹkan náà ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo Ọ̀gbẹ́ni X, torí bẹ́ẹ̀ ni Ombudsman ṣe máa ń pe àwọn èèyàn nínú ìdájọ́ rẹ̀. Ó tẹ káńsù láago nígbà mẹ́sàn-án, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Káńsù ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn rí lórí kọ̀ǹpútà. Bí Ọ̀gbẹ́ni X bá ti fi ímeèlì kúkúrú tẹ̀ lé ìpè kọ̀ọ̀kan, tó kọ ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó dá a lóhùn, ta ni yóò jiyàn? Bí ẹnu nìkan ló ní, wàhálà rẹ̀ yóò pọ̀.

Lẹ́yìn ìdájọ́

Ẹ má retí owó rẹpẹtẹ. Ìtọrọ àforíjì lákọsílẹ̀, ṣíṣe ohun tí wọn kò ṣe, àti owó díẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́. Ti ìbànújẹ́ nìkan kì í sábà ju £500 lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì lójú tiwa ni pé Ombudsman lè ní kí káńsù tún ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fún gbogbo ará ìlú. Òfin kò fipá mú káńsù láti gbà, ṣùgbọ́n nínú 100, ó ju 99 lọ tí wọ́n ń ṣe ohun tó ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n máa ń gbé orúkọ káńsù jáde nínú ìdájọ́, wọn kì í gbé tiyín. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le tó láti di ìròyìn gbangba, káńsù gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí wọ́n sì gbé e yẹ̀ wò láàárín oṣù 3.

Ẹ lè kọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní lgo.org.uk, tàbí kí ẹ pe 0300 061 0614. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá nira fún màmá tàbí bàbá yín, ẹ lè fẹjọ́ sùn lórúkọ wọn bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i. Lẹ́tà káńsù tó wà lórí tábìlì yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i lónìí kí ẹ wo déètì rẹ̀.