Ṣé òótọ́ ni pé ewéko inú ìkòkò yìí lè pa ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú kan?

Ó ti pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti ń lọ káàkiri lórí WhatsApp àti Facebook nípa ewéko kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbìn sínú ìkòkò ní pálọ̀ àti ọ́fíìsì. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ní àwọ̀ ewé, ó sì ní àmì funfun lára. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ní ó lè pa ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sì pa àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú 15. Ó tún ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, tó wá fi ọwọ́ náà kan ojú, lè fọ́jú.

Kí ni òótọ́ ibẹ̀?

Dieffenbachia ni orúkọ ewéko náà. Ó ní oró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pani bí àtẹ̀jíṣẹ́ náà ṣe wí. Èròjà kan tó ń jẹ́ calcium oxalate wà nínú rẹ̀, tó rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tí ojú lásán ò sì lè rí. Tí ọmọ bá gé ewé náà jẹ, èròjà yìí á gún un lẹ́nu, ahọ́n àti ètè rẹ̀ á wú, itọ́ á máa dà, ọ̀rọ̀ sísọ sì lè nira fún un. Ìdí nìyí tí àwọn olóyìnbó fi ń pè é ní dumb cane, ìyẹn igi tó ń sọni di odi. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe ajá àti ológbò.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló ń bọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó léwu ni kí ọ̀fun wú débi tí mímí á fi ṣòro. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó gba kéèyàn sáré lọ sí ọsibítù. Ní ti ojú, omi ara rẹ̀ máa ń ta ojú gan-an, ó sì lè ṣe é léṣe, ṣùgbọ́n fífi ọwọ́ kan ewé lásán kọ́ ló ń fọ́ni lójú.

Àwọn tó yẹ ká ṣọ́ra fún jù

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ṣe ń dẹ́rù bani, kì í mẹ́nu kan àwọn ewéko tó burú jù ú lọ.

Olómi òjò, tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò, tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe ọgbà yí ilé ká, jẹ́ ọ̀kan. Gbogbo ara rẹ̀ ló ní oró, pàápàá kóró inú èso rẹ̀. Oró náà máa ń da bí ọkàn ṣe ń lù rú, ó sì lè pa ọmọdé àti àgbà. Ó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní orílẹ̀-èdè Sri Lanka.

Kóró làpálàpá kì í burú lẹ́nu, ìdí nìyí tí àwọn ọmọdé fi ń jẹ ẹ́. Èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá, ẹ ṣọ́ sago palm, ewéko tó jọ ọ̀pẹ kékeré. Ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́, ó sì lè pa á.

Kí la lè ṣe?

Tó bá jẹ́ dieffenbachia ni, ẹ nu èyí tó kù lẹ́nu ọmọ náà kúrò, ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún un ní omi tútù tàbí mílíìkì díẹ̀ tó bá lè gbé e mì. Tó bá kan ojú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì lọ rí dókítà.

Tó bá jẹ́ olómi òjò ni, ẹ má dúró wò ó bóyá ara rẹ̀ á yá. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ewé tàbí èso náà dání kí dókítà lè dá a mọ̀.

Ẹ má fi ipá rọ epo pupa sí ọmọ lẹ́nu, ẹ má sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Epo pupa kì í ṣe ẹ̀rọ̀ fún àwọn oró yìí, ó sì lè gba ibi tí kò yẹ wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Àkótán

Àbùmọ́ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Dieffenbachia lóró, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ti ní tó o, ṣùgbọ́n kì í pa ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú kan. Kẹ́ ẹ tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tẹ́ ẹ fi ṣe ọgbà yí ilé yín ká.