Ẹ sanwó dátà 350 MB, kọ̀ǹpútà ń bèèrè 1.5 GB: Kí ló wà nínú fáìlì tí wọ́n fún pọ̀?

LibreOffice, software ọ̀fẹ́ tí èèyàn fi ń tẹ lẹ́tà tó sì fi ń ṣe ìṣirò, kò ju nǹkan bíi 350 MB lọ nígbà tí ẹ bá ń gbà á sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà Windows. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é sọ pé ó lè gba àyè tó tó 1.5 GB lórí ẹ̀rọ. Ibo ni ìyókù ti wá?

Ìbéèrè yìí kan gbogbo ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà nílẹ̀ Ìgbómìnà, ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Landmark, tó ti wà ní Òmù-Àrán láti ọdún 2011, ì báà jẹ́ ẹni tó ń bá ará ìlú tẹ ìwé ní Èsìẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fún àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Fáìlì tó kéré wá dùn ún gbà, àmọ́ ẹni tí kò mọ bó ṣe di kékeré lè fi dátà náà ṣòfò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fún un pọ̀?

Ohun tó bá ti wáyé lẹ́ẹ̀kan kò yẹ kó tún gba àyè kíkún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Òmù-Àrán ni mo ti ń bọ̀, Òmù-Àrán ni mo sì ń lọ." Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá kan Òmù-Àrán kejì, kò ní tún un kọ. Àṣẹ kúkúrú ló máa fi síbẹ̀: padà sẹ́yìn ní àmì 24, kí o da àmì 15 kọ. Ẹ ka lẹ́tà, àlàfo, kọ́mà àti ìlà kékeré àárín orúkọ náà pọ̀, ẹ ó rí i pé ó pé.

Abraham Lempel àti Jacob Ziv, ọ̀mọ̀wé méjì ní Ísírẹ́lì, ló tẹ ọgbọ́n yìí jáde lọ́dún 1977. Ṣáájú wọn, lọ́dún 1952, David Huffman ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àmì tó ń wáyé lemọ́lemọ́ ló yẹ kó gba kóòdù kúkúrú, kí èyí tó ṣọ̀wọ́n gba èyí tó gùn. Phil Katz gbé PKZIP jáde lọ́dún 1989, ibẹ̀ sì ni fáìlì zip ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó pa ọgbọ́n méjèèjì pọ̀. RAR ti Eugene Roshal, ará Rọ́ṣíà, dé lọ́dún 1993, 7-Zip ti Igor Pavlov sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1999.

Kóòdù àti ọ̀rọ̀ inú software kún fún àsọtúnsọ, ìdí nìyẹn tó fi ń fún pọ̀ dáadáa. Ìwé Yorùbá náà rí bẹ́ẹ̀: nínú ìlànà UTF-8, "e" lásán gba báìtì 1, "ẹ́" gba báìtì 5, báìtì wọ̀nyí sì ń tún ara wọn ṣe káàkiri ojú ìwé. Fọ́tò yàtọ̀. Bí ẹ bá ya àwọn ère òkúta tó lé ní 1,000 ní mùsíọ́ọ̀mù Èsìẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945, fọ́tò JPEG ti jẹ́ fífún pọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá kó wọn sínú zip, wọ́n á wà lójú kan, àmọ́ ìwọ̀n wọn kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín kù.

Títú kì í ṣe fífi sórí ẹ̀rọ

Fáìlì tó parí sí .zip, .rar tàbí .7z, ẹrù dídì ni. Bí ẹ bá tú u, ohun inú rẹ̀ á jáde sínú fóldà, ó parí. Èyí tó parí sí .msi, tàbí setup.exe, ló ń fi software sórí ẹ̀rọ: á tú ohun tí wọ́n fún pọ̀ sínú rẹ̀, á pín fáìlì sí àyè wọn, á sì forúkọ software náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Windows.

Windows máa ń jẹ́ kí ẹ yọjú wo inú zip láì tú u, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á tẹ setup.exe nínú zip níbẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo yẹn ni Windows á yọ sínú fóldà onígbà díẹ̀. Setup.exe á wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tì, ni yóò bá ní fáìlì kan sọnù. Ẹ kọ́kọ́ yan "Extract All".

Ẹ rántí àyè pẹ̀lú. Fún ìgbà díẹ̀, zip fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ tú jáde àti software tó ti wọlé á jọ wà lórí ẹ̀rọ. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ lè pa méjì àkọ́kọ́ rẹ́.

Kí ló dé tí fáìlì tó ku díẹ̀ kò ṣeé ṣí?

Ìparí fáìlì zip ni àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń wà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tó ku díẹ̀ kó pé, àkọsílẹ̀ yẹn gan-an ni kò tíì dé. Fáìlì kọ̀ọ̀kan inú zip tún ní nọ́ńbà àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní CRC-32. Bí báìtì kan bá yí padà, nọ́ńbà náà kò ní bára mu. Kọ̀ǹpútà yín kò bàjẹ́. Fáìlì náà ni kò pé tàbí tó bàjẹ́, ẹ sì ní láti tún un gbà.

Ewu tó wà nínú ẹrù dídì

Software olówó ńlá tí wọ́n ní kí ẹ wá gbà lọ́fẹ̀ẹ́ sábà máa ń wà nínú zip tàbí RAR tó ní páásíwọ́ọ̀dù. Antivirus kò lè wo inú ohun tí wọ́n tì pa. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, iléeṣẹ́ Check Point tú àṣírí pé àlèébù kan ti wà nínú WinRAR, software tó ń ṣí fáìlì RAR, fún nǹkan bí ọdún 19, tó lè jẹ́ kí fáìlì burúkú sá pamọ́ síbi tí yóò ti máa ṣiṣẹ́ nígbàkúùgbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n WinRAR kì í sọ ara rẹ̀ di tuntun. Ẹni tó ń lo ti àtijọ́ ṣì wà nínú ewu.

Fún software ọ̀fẹ́ bíi LibreOffice, ẹnì kan lè fi dátà rẹ̀ gbà á, kí àwọn tó kù fi flash dà á kọ. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ kọ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì náà àti SHA256 sínú Command Prompt, kí ẹ fi àbájáde wé èyí tí LibreOffice kọ sójú òpó rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kì í jẹ dátà tó nǹkan. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ má fi sórí ẹ̀rọ yín.